Láti Orí Ọṣẹ Dúdú dé Orí Ahóyaya

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Àṣàkẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Òmù-Àrán tí ẹ ń béèrè Àṣàkẹ́, wọn á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni kí ẹ béèrè. Ọmọ tí kò tíì mọ imú ara rẹ̀ nù yóò fi ilé mi hàn yín. Ọṣẹ ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ tí ọrùn ọwọ́ mi sọ fún mi pé òun kò ro nǹkan kan mọ́. Mo ti gbé orógùn kọ́. Ẹnu mi nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́, òun kò sì tíì ní kí n jẹ́ kí òun sinmi.

N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà. Bàbá mi ló mú mi lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Rore, ó ní kó kọ́ mi níṣẹ́, ó mu omi, ó sì padà sílé. Ní ti owó tí à ń rí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò tètè sọ ọ́ di olówó kó má sún mọ́ ìkòkò ọṣẹ.

Ìyá Rore ni gbogbo ayé ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Obìnrin tín-ín-rín ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá rántí gbogbo ohun tí o ti bàjẹ́ láti kékeré. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ọṣẹ rárá. Eérú ni. À ń sun èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ títí wọ́n á fi di eérú funfun, a ó kó o sínú àjẹ̀rẹ́, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, a ó da omi lé e. Omi eérú yóò wá máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, ní àwọ̀ bíi ti àgbo. Ìyẹn ni mo ṣe fún ọjọ́ pípẹ́. Eérú wọ irun mi, ó wọ ìpéǹpéjú mi, àwọn ọmọkùnrin Rore sì bẹ̀rẹ̀ sí kí mi pé ẹ kú àgbà, Ìyá Arúgbó. Nígbà tó sú mi, mo bi Ìyá Rore pé ìgbà wo ni n ó tó fọwọ́ kan ọṣẹ gan-an. Ó ní, "Eérú lọ́ṣẹ. Èyí tó kù, iná ni."

Ó wá di ọjọ́ tó ní kí n wá jókòó ti ìkòkò. Ó da àdín sórí iná, àdín dúdú tó ń rùn, tó jẹ́ pé bó bá kán sí ọ láṣọ, o ti pàdánù aṣọ náà. Ó bu omi eérú lé e. Ó ń rò ó, ó ń rò ó, nǹkan náà ń ki, ó ń wú, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àfìgbà tó dì mọ́ ara rẹ̀. Ó fi ìka gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní kí n lọ fi fọ ọwọ́. Ọwọ́ mi tí eérú ti sọ di ti òkú mọ́ tónítóní. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Eérú ń sọ èèyàn di ẹlẹ́gbin, àdín ń ba aṣọ jẹ́, àwọn méjèèjì wá pàdé lórí iná, wọ́n di ohun tó ń lé ìdọ̀tí lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi tó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ wá èyí tí yóò mú kí ẹnu yín ṣì máa là sílẹ̀ nígbà tí eyín bá ti kán.

Òfin Ìyá Rore pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ti ìkíni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa tí a máa ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dìde, tí a ń kí ẹni tó sín. Ní ìdí ìkòkò ọṣẹ Ìyá Rore, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹni tó ń ro ọṣẹ. Bí àlejò bá ṣèèṣì ní ẹ kú iṣẹ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn títí ìkòkò yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan ti bínú lọ sílé rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi rò pé èèwọ̀ ni, àfi ọjọ́ tí ìborùn rẹ̀ yẹ̀, tí mo rí àpá fẹ̀ẹ̀ kan lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan kí i nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó yíjú láti dáhùn, ọṣẹ gbígbóná ta sí i lára. Láti ìgbà náà ni òun náà kò ti kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò gbọ́ "o kú iṣẹ́" lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọṣẹ bá dára, á gbé e. Bí kò bá dára, á dà á nù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ohun tó tún kọ́ mi, tí ìtàn yìí fẹ̀yìn tì, ni ọṣẹ ọdún. Ní ìdílé tiwa, bí ọmọbìnrin bá ti ní àfẹ́sọ́nà, tí Iléyá bá ń sún mọ́, àwọn ará ilé ọkọ yóò fi àgbò ránṣẹ́, àwọn ará ilé ìyàwó yóò sì fi ọṣẹ ṣọwọ́ sí wọn. A ó fi ọwọ́ yí i róbótó bí ọsàn, a ó fi òrí pa á lára, a ó wá fi ewé gbọ̀dọ̀gì tútù wé e, ewé tí àwọn olóbì fi ń tọ́jú obì. Ewé tútù kì í jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ, bó bá dé ọ̀hún, á máa dán. Ìyá Rore a máa ní ọṣẹ tí kò wọ ewé, ìhòhò ló rìn. Ó sì gbọ́dọ̀ dé ní odidi. Bí ó bá fọ́ kí wọ́n tó tú u, ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo wa láìsọ ọ́ lẹ́nu: a ti gba ọmọ wa padà.

Ẹ má bi mí ní ti ohun èlò, torí wọ́n yí padà lójú mi. Àjẹ̀rẹ́ lọ, àgbá onírin tí wọ́n gé sí méjì dé. Kọ́sítíìkì dé láti ọjà, ó sì lé eérú lọ nílé ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò gbà á láyè lórí ọṣẹ ọdún. Ọṣẹ òyìnbó dé nínú bébà aláràbarà, n ó gbé tèmi lọ sọ́jà Èsìẹ́, n ó tún gbé e bọ̀ bó ṣe rí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó wá ń sọ pé ọṣẹ dúdú ló ń tún ojú ṣe. Ohun tí wọ́n sá fún nílé ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ wá bá. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì tà á fún wọn.

Ìyá Rore ti darúgbó gan-an nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ti mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Òmù-Àrán. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Bí mo bá ro ọṣẹ tán, n ó gbé e fún un, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò sì gbé e sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Àbíkẹ́yìn mi, Rísì, ló mú ohun tuntun wọlé. Ó ti wà l'Ékòó fún ìgbà díẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìpara, kó tó padà wálé. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Wàsíù, ọmọ Òkè-Ọdẹ tó ń ra kajú, ti wá mọ̀ wá. Lọ́jọ́ kan, Rísì gbé fóònù sójú mi, ó ní òun fẹ́ ṣe ọṣẹ kan tí òyìnbó máa ń ju sínú omi ìwẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun funfun méjì pọ̀: ọ̀kan ni sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, èkejì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń dán bí iyọ̀. Ó fi òrí yíyọ́ díẹ̀ sí i, ó gbọn osùn sí i kó lè pọ́n, ó fi lọ́fíńdà sí i. Kò sí omi níbẹ̀ rárá. Ó kì í sínú ahá kékeré méjì, ó fi ojú wọn kan ara wọn, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí i, bọ́ọ̀lù kan jáde. Mo ní ṣé èyí náà ni ọṣẹ, tí kò rí iná, tí kò rí eérú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ọwọ́ sínú báàfù. Mo ní kó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí i ná, torí ìyá rẹ̀ ni mí, èmi kì í ṣe adìẹ àfidánwò.

Ó ju bọ́ọ̀lù náà sómi. Ẹ̀yin ọmọ, omi náà hó! Omi tútù tí mo fi ọwọ́ ara mi pọn. Ó ń hó yaya, bọ́ọ̀lù náà ń yí lójú omi, osùn ń jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí ojúmọ́ bá ń mọ́, òórùn dídùn sì gba ilé kan. Mo wo abẹ́ báàfù bóyá iná wà níbẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ṣẹ́gi láti mú kí ìkòkò hó, ọmọ mi wá mú kí omi hó láìsí igi kan. Mo fi ọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn, ó ń ta pútúpútú ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tó dákẹ́, bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀ mọ́, òrí ló kù lára ọwọ́ mi. Rísì ní nígbà tí ìyẹ̀fun méjèèjì bá fi ojú kan omi ni wọ́n máa ń hó. Mo wá rántí eérú àti àdín ti Rore. Ohun méjì ló tún pàdé. Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi tún là sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ahóyaya lọ́jọ́ náà.

Rísì wá ní Ahóyaya ni òun máa fi ṣe ọṣẹ ọdún tí yóò lọ sí Òkè-Ọdẹ, kí gbogbo obìnrin ilé Wàsíù ní tirẹ̀. Inú mi dùn. A jọ ṣe wọ́n, wọ́n jókòó lórí àtẹ bí ẹyin pípọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbé e lọ, ó ń kó wọn sínú ọ̀rá nígbà tí Ìyá Rore ní kí wọ́n gbé e wá kí òun fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ pa ọ̀kan, ó pa á yíká.

Ó ní, "Ó wà níhòhò. Ọ̀rá lẹ fẹ́ fi wé ohun tó ń lọ sílé àna?"

Èmi àti Rísì wo ara wa. Kò sí èyí tó ro ibi nínú wa. Ewé tútù ti ń tọ́jú ọṣẹ kí wọ́n tó bí mi, ta ni yóò rò pé ewé lè ṣe ọṣẹ níkà? Rísì fúnra rẹ̀ ló ní ohun tí àgbà wí náà dára, yóò tún lẹ́wà. A lọ já gbọ̀dọ̀gì, a fọ̀ ọ́ kó mọ́, a fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a kó wọn sínú agbọ̀n. Ìyá Rore kò fi ti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ya etí ìborùn rẹ̀, ó di ọ̀kan yẹn mọ́ ọn, ó ní ti ìyá àgbà tó wà nílé Wàsíù nìyẹn, àgbà ló ń kí àgbà, aṣọ òun ni kó wọ̀.

Èmi àti Sàlámọ̀, àbúrò ọkọ mi, la gbé e lọ, nítorí ìyàwó kì í gbé ọṣẹ ara rẹ̀. Òjò ti rọ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Òkè-Ọdẹ ṣe máa ń rí bí òjò bá rọ̀. Ọkọ̀ rì sí ẹrẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í, a tún wọlé. Agbọ̀n wà lórí itan mi. Mo ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo rò pé òjò ló ń kán lé ewé.

Ara wọn yá mọ́ wa púpọ̀ nígbà tí a dé. Àgbò wa wà ní ìta, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbé e tẹ̀ lé wa bí a bá ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Wàsíù, tí wọ́n ń pè ní Ààfáà, ni yóò tú ọṣẹ. Ó tú àkọ́kọ́. Omi pupa ló ṣàn jáde láàárín ewé, ọṣẹ ti wú, ó ti fọ́ yángá. Ó tú èkejì, ìyẹ̀fun rírọ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Omi ara ewé ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí omi ìwẹ̀ ṣe.

Wàsíù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé ewé ló fà á, pé ọṣẹ yìí kò fẹ́ ohun tútù. Etí mi gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dàbí irọ́. Ààfáà kò bínú, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, ewé ló ń tọ́jú ọṣẹ, òun kò gbọ́ ọ rí pé ewé fọ́ ọṣẹ. Ó ní bí àwọn ará Òmù-Àrán bá fẹ́ gba ọmọ wọn, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́. Ó wá yíjú síta, ó ní kí wọ́n má tíì tú àgbò náà. Mo rí ojú Wàsíù. Mo ro ti Rísì nílé, tó ti ń gbá ibi tí wọ́n máa so àgbò mọ́.

Sàlámọ̀ ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Èyí tó wà nínú aṣọ ńkọ́?"

A rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, níbi tí ewé kankan kò ti kàn án. Aṣọ Ìyá Rore gbẹ táútáú, bọ́ọ̀lù náà sì wà nínú rẹ̀ ní odidi. Ìyá àgbà ilé náà, ìyá Ààfáà, jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí làkúrègbé ti mú wú. Mo rákò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní àgbà kan ló ní kí n kí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi gbé báàfù omi wá. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, mo ní bísímílláhì, mo fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀.

Ó hó. Ó yí ẹsẹ̀ màmá náà ká, osùn ń tú jáde, òórùn dídùn gba ilé. Màmá fọwọ́ gbá àyà, ó wò mí, ó wo omi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Ó ń sọ pé ó ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ó ń sáré. Àwọn ọmọ ilé dí ẹnu ọ̀nà. Ààfáà ṣí fìlà, ó tẹ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó ń wo omi tútù tó ń hó, ó ní sùbùhánállàhì, ó tún un wí. Kò sí ẹni tó rántí àgbò.

Omi dákẹ́. Bọ́ọ̀lù ti tán. Ẹnì kan lẹ́yìn wá ní èyí náà kúkú ti fọ́. Mo gbé orí sílẹ̀. Màmá kò yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

Ó ní, "Ọṣẹ wo lẹ ti rí rí, tó wẹ èèyàn mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò tán?"

Ó ní kí wọ́n lọ tú àgbò fún àwọn àna òun.

Àgbò ń ké nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Rísì ti dúró lójú ọ̀nà. Ìyá Rore wà níbi tó máa ń jókòó sí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, pé ṣé ó dé ní odidi. Ẹnu mi fẹ́ pa irọ́ fún àgbàlagbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo lè purọ́ fún un rí. Mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, láti orí ewé dé orí etí ìborùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa ara wọn lórí itan, àwọn ìka tí omi eérú ti jẹ títí tí kò fi sí ìlà kan níbẹ̀ mọ́.

Ó ní kí Rísì ṣe ọ̀kan kí òun gbọ́. Rísì bu omi sínú abọ́, ó gbé e sí i lẹ́sẹ̀. Mo mú ọwọ́ méjèèjì Ìyá Rore, mo kì wọ́n bọ omi, Rísì sì fi Ahóyaya sáàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí hó. Ìyá Rore tẹ etí sílẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tó ń gbìyànjú láti di í mú, tí nǹkan náà ń yọ́ lọ láàárín ìka rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Rísì, o kú iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti mú mi dé Rore. N kò jowú, mo fi Ọlọ́run bura. Ẹkún ló gbọ̀n mí. Rísì ya ẹnu láti dáhùn, mo yára fọwọ́ dì í lẹ́nu, torí omi ṣì ń hó. A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí abọ́ náà. Nígbà tó dákẹ́ pátápátá, èmi àti ọmọ mi kúnlẹ̀, a jọ dá a lóhùn.